Pápá Gọ́ọ̀fù Olókìkí: Èló Ni Àlejò Yóò San?

Ẹni tí ó bá ti Àkúrẹ́ wọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ibi tí òun dé. Òkè Olósùnta ti dúró síbẹ̀, àpáta ńlá tí ojú ń rí láti ọ̀nà jíjìn, Òròlé náà sì wà níbẹ̀ bí àbúrò rẹ̀. A mọ̀ pé àwọn kan ń bọ òkè náà lọ́dọọdún, ọwọ́ wa kò sí nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ni ó dá àpáta, kò sì sí ẹni tí ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó gbójú sókè wò ó láti etí títì. Ọkọ̀ a dúró, èrò a sọ̀ kalẹ̀, wọn a ya fọ́tò, wọn a sì máa bá tiwọn lọ.

Bí gbogbo ibi olókìkí ayé bá rí bẹ́ẹ̀ ni, kì bá tí sí ohun tí a ó kọ sí ojú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pápá gọ́ọ̀fù ni ó délẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. A mọ̀ pé láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ dé Èmùré, kòkó, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, kì í ṣe eré àwọn olówó. Bàbá kan nínú ìjọ, àgbẹ̀ oníkòkó láti apá Èmùré, ni ó mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá bá wa lẹ́yìn ìsìn. Ọmọ náà ti gbé ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Èkó rí. Níbẹ̀ ni ó ti ń bá àwọn ọ̀gá ru báàgì ní pápá gọ́ọ̀fù ní ọjọ́ Sátidé, àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ kí ó máa fi ọ̀pá wọn gbá bọ́ọ̀lù títí ó fi mọ̀ ọ́n gbá. Ó ti padà sílé báyìí, ó ń kàwé ní Ìkẹ́rẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ kéékèèké mọ́ ọn, ó sì ti fi owó díẹ̀ pamọ́. Ohun tí ó fẹ́ fi owó náà ṣe ni pé kí òun náà wọ pápá gidi kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí àlejò tí ó sanwó, kí ẹlòmíràn bá òun ru báàgì.

"Pásítọ̀, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀," ni bàbá wí. "Owó tí ènìyàn fi òógùn kó jọ, ṣé orí koríko ni a ń ná an sí?"

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú sí mi, Bàbá. Ẹ ò tíì béèrè iye tó jẹ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá létí. Ẹni tí kò tíì ná ọjà kì í sọ pé ó wọ́n. Ni a bá fi àdéhùn sí i pé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò lọ wò ó, kí a fi ojú ara wa rí i, kí a fi ẹnu ara wa béèrè.

Fún àǹfààní àwọn ìyá wa tí wọn kò wo eré yìí rí, ọ̀pá ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù funfun kékeré kan, tí kò tó ẹyin adìẹ, títí yóò fi bọ́ sínú ihò kan tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn. Ihò 18 ni ó pé pápá kan, ẹni tí ó bá sì gbá bọ́ọ̀lù níwọ̀nba ìgbà tí ó kéré jù lọ kí ó tó parí gbogbo rẹ̀ ni ó borí. Kò gbọdọ̀ ju ọ̀pá 14 lọ nínú báàgì ẹnì kan. Ẹni tí ń ru báàgì náà ni wọ́n ń pè ní kádì. Iye 18 yìí wá láti ìlú St Andrews ní ilẹ̀ Scotland: ihò 22 ni wọ́n ń gbá níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọdún 1764 ni wọ́n sọ ọ́ di 18, gbogbo ayé sì tẹ̀ lé wọn. Àwọn òyìnbó amúnisìn ni ó gbé e wá sọ́dọ̀ wa, ìdí nìyẹn tí àwọn pápá àtijọ́ wa fi wà ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí òyìnbó ń gbé, bí irú ti Ikoyi Club ní Èkó, tí ọdún 1938 ṣì wà nínú orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ní ọ̀pọ̀ pápá ilẹ̀ wa tí omi kò tó láti fi tọ́jú koríko, yanrìn tí wọ́n da epo pò ni wọ́n tẹ́ yí ihò ká. Bọ́ọ̀lù ń yí lórí rẹ̀ dáadáa, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Pápá olókìkí tí ó sún mọ́ wa ni Smokin Hills, ní Ìlárá-Mọ̀kín, Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹni tí ó bá mọ orúkọ ìlú náà yóò gbọ́ Mọ̀kín nínú orúkọ pápá náà. Olóyè Michael Adé Òjó, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ Elizade àti ọkọ̀ Toyota, ọmọ ìlú náà ni. Òun ni ó dá pápá náà sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti dá Yunifásítì Elizade sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Èyí wù wá nínú ìwà rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ wa, Èkó àti Àbújá ni wọ́n ń kọ́ gbogbo nǹkan sí, òkú wọn nìkan ni ilé ń rí gbà.

Bàbá àti ọmọ kúrò ní Èmùré kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà yẹn rí mọ bí ó ṣe dùn ún wò ní àárọ̀: kòkó lọ́tùn-ún, kòkó lósì, ìkùukùu lórí igi, àwọn obìnrin tí ó gbé agbọ̀n sórí tí wọ́n ń lọ sí oko. Ìsẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ kàn. Igbó ìjọba kan wà ní agbègbè Ìsẹ̀ tí àwọn olùṣèwádìí ti bá ìnàkí nínú rẹ̀. Ìsẹ̀ náà ni Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gilére gbé títí ó fi kú ní ọdún 1938, ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà ní àwọn ilé ńláńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. A ó tún padà sórí rẹ̀. Láti Ìsẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ sí Ìkẹ́rẹ́, níbi tí a ti ń dúró dè wọ́n, a sì jọ wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́. Ìjù àti Ìta-Ògbólú ni a gbà kọjá. Kí ó tó di October 1, 1996, tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ìpínlẹ̀ kan náà ni gbogbo wa. Ní Àkúrẹ́ a tún bọ́ sí ọkọ̀ mìíràn tí ń lọ sí apá ìwọ̀ oòrùn.

Ẹ ti rí i pé bàbá àti ọmọ wọ ọkọ̀ mẹ́ta ní àlọ, mẹ́ta ni yóò sì gbé wọn padà. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó dé bá owó ọkọ̀ láti ìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù May 2023. Epo tí kò tó 200 náírà ní iye ìjọba fún lítà kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ti kọjá 1,000 náírà ní October 2024. Bàbá ń san owó ọkọ̀, ó ń fi ìka kà á, kò sì sọ̀rọ̀. Nígbà tí a dé Àkúrẹ́ ni ó ní, "Pásítọ̀, a ò tíì dé ẹnu géètì, owó ti ń jáde o."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ọ̀pọ̀ ni kò sì ń rò ó. Ẹ wo ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914, tí ó fi àwòrán Ọba àti òyìnbó aṣojú ìjọba tí ó wá kí i sí ara rẹ̀. Ní ọdún 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, ní London. Àwọn òyìnbó rí i, wọn kò fẹ́ kí ó padà mọ́. Ògògà gba àga ọba kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní pàṣípààrọ̀, ilẹ̀kùn sì di ti British Museum. Ilé náà kì í gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀fẹ́ ni! Ṣùgbọ́n kí ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó lè lo ọ̀fẹ́ yìí láti wo ilẹ̀kùn ààfin ìlú rẹ̀, yóò san owó físà tí ó ju 100 pọ́n-ùn lọ, bí wọn kò bá sì fún un ní físà, owó náà kì í padà. A kò tíì dárúkọ ọkọ̀ òfurufú. Ọmọ London a san owó bọ́ọ̀sì, a sì wò ó tán kí ó tó jẹun ọ̀sán.

Pápá Ìlárá náà, ilẹ̀ olókè ni, bí gbogbo ilẹ̀ agbègbè wa. Ilẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹ, igi sì yí i ká. Ọmọ wa yìí dúró, kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan koríko, ó ní, "Ta ló ń ro ibí yìí?" Àgbẹ̀ ni, ohun tí ó mọ̀ ni ó béèrè. Ìbéèrè rẹ̀ sì dára, nítorí ibẹ̀ gan-an ni owó àlejò ń lọ: gígé koríko, omi, ẹ̀rọ, oògùn kòkòrò, àti owó oṣù àwọn tí ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀.

A kò ní kọ iye tí wọ́n ń gbà síhìn-ín, nítorí owó Nàìjíríà kì í dúró lójú kan. Kí ẹ tó ti ilé jáde ni kí ẹ ti fi fóònù béèrè. Bí ìṣirò rẹ̀ ṣe rí ni a fẹ́ kí ẹ mọ̀, nítorí bákan náà ni ó rí ní ọ̀pọ̀ pápá. Owó pápá wà lọ́tọ̀, òun ni gbogbo ènìyàn ń béèrè. Owó kádì tún wà, àti ohun tí ẹ ó fi kún un bí ó bá ṣe dáadáa. Ẹni tí kò ní ọ̀pá yóò yá a. Bọ́ọ̀lù ń sọnù sínú igbó, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ sì lè sọ púpọ̀ nù kí ó tó dé ihò 18. Ẹ̀wù tí ó ní kọ́là ni wọ́n ń fẹ́, ọ̀pọ̀ ibi ni wọn kò ti fẹ́ jíǹsì. Wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọn yóò fi rìn nínú oòrùn, ẹnu yóò gbẹ, ebi yóò sì pa wọ́n. Ọmẹ́ńbà tí ń san owó lọ́dọọdún kì í san iye tí àlejò ń san. Àlejò tí ọmẹ́ńbà mú wá sábà máa ń san iye tí ó kéré sí ti ẹni tí kò mọ ẹnì kan. Ọjọ́ iṣẹ́ sì sábà máa ń dínwó ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ. Ọmọ náà kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Nígbà tí ó ro ó pọ̀ mọ́ owó ọkọ̀, owó tí ó ti fi pamọ́ kò tó o.

A rò pé inú bàbá yóò dùn. Kò dùn. Ó jókòó lábẹ́ igi, ó ní kí ọmọ sọ fún òun èwo ni ó lókìkí jù lọ nínú gbogbo pápá ayé, àti pé ta ni ó ni ín.

Nípa ti Pebble Beach, ní etí òkun California, ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kan ni ó ni ín. Àlejò lè gbá níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 2024 owó pápá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ju 600 dọ́là lọ, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí àyè dá òun lójú ní àsìkò tí ó pẹ́ ṣáájú ní láti gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì wọn. Augusta National, ní ìpínlẹ̀ Georgia, burú ju ìyẹn lọ: kò sí iye tí àlejò lè san níbẹ̀. Ti àwọn ọmẹ́ńbà ni. Bí wọn kò bá pè ọ́, o kò lè wọlé gbá. Láti ọdún 1934 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje ńlá tí wọ́n ń pè ní Masters níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ènìyàn dúdú ni gbogbo kádì wọn, àwọn ni wọ́n mọ bí ilẹ̀ náà ṣe dà ju àwọn ọ̀gá lọ, síbẹ̀ ọdún 1975 ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́, Lee Elder, tó gbá nínú ìdíje náà. Ọdún 1990 ni wọ́n gba ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ bí ọmẹ́ńbà, ó sì di 2012 kí wọ́n tó gba obìnrin. Ní ọdún 1997 Tiger Woods gba ife ẹ̀yẹ ibẹ̀. Nígbà tí ọmọ yìí ń sọ ti àwọn kádì yẹn, ohùn rẹ̀ yí padà díẹ̀. Òun náà ti ru báàgì.

Ṣùgbọ́n ti St Andrews, tí ó dàgbà jù, tí gbogbo agbágọ́ọ̀fù ayé fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí wọ́n tó kú, ìlú ni ó ni ín. Bàbá ní kí ó tún un sọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ìlú ni ó ni ín. Ní ọdún 1552 bíṣọ́ọ̀bù àgbà ibẹ̀, John Hamilton, fọwọ́ sí ìwé tí ó jẹ́wọ́ pé àwọn ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti máa gbá bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ etí òkun náà. Ní ọdún 1974 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tí ó fi ìtọ́jú rẹ̀ sí ọwọ́ ìgbìmọ̀ kan nítorí ará ìlú. Ẹni tí ń gbé ìlú náà ń san owó kékeré kan fún odindi ọdún. Àlejò ni ó ń san owó gidi: ní ọdún 2024, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lórí pápá àgbà náà ju 300 pọ́n-ùn lọ ní àsìkò tí èrò ń pọ̀. Ní òpin ọdún náà tí pọ́n-ùn kan lé ní 1,900 náírà, iye yìí ju owó oṣù mẹ́jọ lọ fún òṣìṣẹ́ tí ń gba 70,000 náírà tí òfin fi lélẹ̀ ní July 2024. Owó nìkan kò sì tó. Àlejò ní láti ní ìwé ẹ̀rí pé ó mọ̀ ọ́n gbá dé ìwọ̀n kan, ọ̀pọ̀ ni ó sì ń fi orúkọ sínú ìbò ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí orúkọ tí ó bá jáde lọ gbá. Ẹlòmíràn a fi orúkọ sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí ó lò níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò sì ní jáde.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó dùn mọ́ wa nínú. Ní ọjọ́ Sunday, wọ́n ń ti pápá àgbà náà. Àfi ìgbà ìdíje ńlá nìkan, kò sí ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn, olówó ìbáà jẹ́ olówó. Àwọn ará ìlú àti àlejò a máa rìn lórí rẹ̀, wọn a kó ọmọ àti ajá wọn dání, wọn a jókòó jẹun, ẹnikẹ́ni kì í gba owó lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní koríko náà ń fẹ́ ìsinmi. Pápá kékeré mìíràn tún wà níbẹ̀, oníhò 9, tí wọ́n ń pè ní Balgove, tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé àti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, owó rẹ̀ kò sì súnmọ́ ti pápá àgbà rárá.

Bàbá mi orí. Ó ní, "Ìlú gbọ́n. Wọ́n jẹ́ kí àlejò san ti onílé." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò wí pé pásítọ̀ kò yẹ kí ó máa bá ènìyàn ṣírò owó eré nígbà tí owó ilé-ìwé wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín ní ìtumọ̀, àwa náà sì béèrè nípa owó ilé-ìwé kí a tó gbéra; ọmọ náà ti san tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa kò rí ìdí tí ẹni tí ó ná ìlọ́po owó yìí sórí aṣọ ẹbí ọjọ́ kan ṣoṣo, tí kò ní wọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó sùn sínú àpótí, yóò fi máa dá ọmọ yìí lẹ́jọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Nàìjíríà lónìí, ìdí kádì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kádì tí a bá lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ náà, ọmọdé bíi tirẹ̀ ni wọ́n, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ ṣe ń bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀kan tilẹ̀ ní kí ó fi ọ̀pá han òun bí ó ṣe ń dì í mú.

Fún ìdílé tí ó bá fẹ́ lọ, ohun tí a rí ni pé kí ẹ má ṣe ra ọ̀pá kankan ṣáájú. Ẹ lọ ní ọjọ́ iṣẹ́. Bí ẹ bá pọ̀, ẹ gba ọkọ̀ kan pa pọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́, nítorí ojú ọ̀nà ni owó ti ń tán. Ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n gbá rárá, kí ó béèrè ibi ìkọ́ni kí ó tó ronú kan ihò 18. Ẹ gbé oúnjẹ yín dání fún ìrìn àjò, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí ẹ gbé e wọlé.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a padà sí ọkọ̀ Àkúrẹ́. Bàbá gba ìwé kékeré náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi ìka sí ìlà kan. Ó ní kòkó yóò jáde ní October, òun yóò fi díẹ̀ kún owó rẹ̀ bí wọ́n bá rà á dáadáa. Ó wá béèrè bóyá wọ́n ń gbà kí bàbá ru báàgì ọmọ, kí ìlà kádì lè kúrò nínú ìṣirò.

"Bàbá, báàgì yẹn wúwo o," ni ọmọ wí.

"Ó wúwo ju àpò kòkó lọ ni?"

Ọmọ náà ní òun yóò pè wọ́n lórí fóònù ní ọjọ́ Monday láti béèrè.